Ẹ Yé Tẹ́ Gìtá Bí Òkú

Ó ti sú mi. Ibi yòówù kí ẹnìkan ti gbé gìtá àtijọ́ jáde nínú àpótí, pàápàá tó bá jẹ́ olókùn méjìlá, kò ní pẹ́ tí ẹ ó fi gbọ́ gbólóhùn kan náà lẹ́nu onímọ̀ àti ọ̀gbẹ̀rì: "Háà, má fọwọ́ kàn án o! Bó o ṣe bá a ni kó o ṣe fi í sílẹ̀. Tó o bá ti lè tún un ṣe pẹ́nrẹ́n, o ti bà á jẹ́ nìyẹn." Ẹni tó sọ ọ́ á wá mi orí bí babaláwo tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ojú odù. Ẹni tó ni gìtá á dúpẹ́, á dá a padà sínú àpótí, á tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó di ogún ọdún mìíràn kí gìtá ọ̀hún tó tún fojú kan oòrùn.

Ọ̀rọ̀ náà ti di àkọ́sórí. Àwọn tó ń sọ ọ́ kò tilẹ̀ bi ara wọn léèrè mọ́ bóyá ó rí bẹ́ẹ̀. Èmi ní kò rí bẹ́ẹ̀. Mo ní àwọn tó ń wí i ló ń pa gìtá, wọ́n sì ń pe pípa náà ní ìtọ́jú.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń jà lé lórí. Gìtá olókùn méjìlá kì í ṣe gìtá lásán tí wọ́n kàn fi okùn mẹ́fà kún. Méjì méjì ni okùn rẹ̀ ń rìn bí ìbejì. Lórí ìlà méjì tó tín-ín-rín jù, Táyé àti Kẹ́hìndé ń ké ohùn kan náà. Lórí mẹ́rin yòókù, ọ̀kan ń ké nísàlẹ̀, èkejì ń ké ohùn náà gan-an lókè. Ìdí nìyẹn tí ẹnì kan ṣoṣo á fi jókòó tì í, tí ẹni tó wà níta á rò pé àwọn méjì ló wà nínú yàrá. Ṣùgbọ́n ara gìtá ló ń jìyà adùn yẹn. Bí okùn méjèèjìlá bá le dé ibi tí ohùn wọn yẹ kó wà, agbára tí wọ́n fi ń fa igi náà súnmọ́ kìlógírámù 110, nígbà tí ti olókùn mẹ́fà kì í sábà ju 80 lọ. Ẹ gbé àpò sìmẹ́ńtì méjì léra, kí ẹ tún bu díẹ̀ lé e. Kí ló ru ẹrù náà? Àyà pákó tí kò nípọn ju mìlímítà mẹ́ta lọ, tí wọ́n fi ọ̀pá ìtì tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ gbé ró láti inú.

Bó bá di ogójì ọdún, àyà náà á wú lẹ́yìn bíríìjì, igi tí wọ́n so okùn mọ́ lórí àyà, bí ikùn ọmọ tó ń jẹ amọ̀. Ẹ̀bá ihò ojú àyà á rì wọlé. Ọrùn á tẹ̀ síwájú díẹ̀díẹ̀, okùn tó yẹ kó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa fara kan ojú ọrùn á ga sókè débi pé bí ẹ bá fẹ́ tẹ̀ ẹ́ ní fúrẹ́ẹ̀tì kejìlá (irin tó dábùú ọrùn), ẹ ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fi orúnkún tì í. Gìtá tó rí báyìí ni wọ́n ní ká má fọwọ́ kàn.

Irú wọn ò sì ṣọ̀wọ́n. Ilé iṣẹ́ Oscar Schmidt ní Jersey City, ní ìpínlẹ̀ New Jersey, ló ṣe èyí tó lókìkí jù nínú àwọn ti ìgbà ìwáṣẹ̀, tí orúkọ Stella wà lórí rẹ̀. Gìtá tálákà ni. Igi birch tí kò wọ́n ni wọ́n fi ṣe ọ̀pọ̀ nínú wọn, wọ́n á wá fi ọ̀dà ya ojú igi olówó ńlá sí i lára. Stella yìí ni Huddie Ledbetter, tí ayé mọ̀ sí Lead Belly, fi sọ ara rẹ̀ di ọba àwọn tó ń lu olókùn méjìlá. Olókùn méjìlá náà ni Blind Willie McTell fi kọrin káàkiri Georgia. Ní 1939, ilé iṣẹ́ Harmony ti Chicago gba orúkọ Stella. Nígbà tó di 1963, orin "Walk Right In" tí Rooftop Singers fi olókùn méjìlá gbé dìde gun òkè téńté ní Amẹ́ríkà, ni olúkúlùkù ọ̀dọ́ bá ń wá tirẹ̀. Gibson ti ń ṣe B-45-12 láti 1961, Martin gbé D12-20 jáde ní 1964, Harmony ń ṣe Stella olówó pọ́ọ́kú fún ẹni tí àpò rẹ̀ gbẹ. Àwọn tí wọ́n ṣe lásìkò ìyẹn ló kún òkè àjà báyìí, ọrùn wọn ti tẹ̀, ikùn wọn ti yọ.

N kò ní purọ́ mọ́ àwọn tí mò ń bá jà. Wọ́n ní ẹjọ́ rò, ẹjọ́ wọn kò sì kéré. Wọ́n ní nínú ọjà gìtá àtijọ́, èyí tí ọwọ́ kò kàn ló ń gbówó lórí. Pé ẹni tó bá há fáníìsì àkọ́kọ́ kúrò, tó kun òmíràn, iye tó lè tà á ti já sí ìdajì. Òótọ́ ni, bí àwọn oníṣòwò ṣe ń dá iye lé e nìyẹn. Wọ́n ní igi tó ti gbẹ fún ọgọ́ta ọdún ti mọ ohùn ara rẹ̀, pé bí ẹ bá tú u, tí ẹ tún un lẹ̀, ohùn náà á sá lọ. Wọ́n ní ara gìtá jẹ́ ìwé ìtàn. Ojú irin tó gbẹ́ ẹ, gúlúù tó ṣàn wálẹ̀ tí kò sẹ́ni tó nù ún, nọ́ńbà tí òṣìṣẹ́ kan fi pẹ́ńsù kọ sínú ikùn rẹ̀, ẹ̀rí ni gbogbo rẹ̀, ẹni tó bá sì pa ẹ̀rí rẹ́ kò lè dá a padà mọ́. Wọ́n wá fi èyí tó wúwo jù ṣe ìkádìí: pé àwọn tó ń pe ara wọn ní atúngìtáṣe ló ti ba gìtá jẹ́ jù. Ọ̀kan fi síkúrù kan ọrùn mọ́ ara. Ọ̀kan rọ gúlúù epoxy sínú oríkèé rẹ̀, bí ẹni rọ kọnkéré. Ọ̀kan fi sáńpépà ha àyà rẹ̀ títí tó fi fẹ́lẹ́ bí awẹ́ obì. Ta ló máa rí èyí tí kò ní sọ pé kí kálukú kó ọwọ́ rẹ̀ kúrò?

Mo gbọ́. Èmi náà ti rí síkúrù yẹn rí, ó dùn mí dé egungun.

Ṣùgbọ́n kí ni wọ́n ń pè ní "bó o ṣe bá a" gan-an? Gìtá tó jáde ní Chicago ní 1964, ọrùn rẹ̀ gún régé, okùn rẹ̀ rọ̀ láti tẹ̀, àyà rẹ̀ tẹ́jú. Ìyẹn ni wọ́n ṣe, ìyẹn ni wọ́n tà. Èyí tó wà lọ́wọ́ yín lónìí, tí ikùn rẹ̀ yọ tí ọrùn rẹ̀ tẹ̀, ta ló ṣe é? Kì í ṣe oníṣẹ́ ọwọ́ kankan. Ẹrù àpò sìmẹ́ńtì méjì náà ló ṣe é. Bí ẹ bá jí òṣìṣẹ́ Harmony kan dìde lónìí tí ẹ gbé e fún un, ṣé á ní "ẹ ṣeun tí ẹ bá mi tọ́jú iṣẹ́ ọwọ́ mi", àbí á béèrè lọ́wọ́ yín pé kí lẹ fi lọ̀ ọ́? Ohun tí ẹ̀ ń dáàbò bò kì í ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Ìbàjẹ́ tó dé bá iṣẹ́ rẹ̀ ni. Ìbàjẹ́ ọ̀hún kò sì dúró sójú kan. Bí okùn bá ṣì wà lórí rẹ̀, ó ń fà á lọ ní tọ̀sán-tòru, pẹ̀lú gbogbo bí ẹ ṣe kó ọwọ́ yín pamọ́.

Ibí yìí ni wọ́n máa ń yọ ọgbọ́n kan jáde, pé kí èèyàn tú okùn sílẹ̀, kó máa lò ó ní ohùn ìsàlẹ̀. Wọ́n á ní ṣebí Lead Belly náà mú tirẹ̀ wálẹ̀. Ẹ dákun! Lead Belly mú ohùn wálẹ̀, ṣùgbọ́n okùn tó nípọn ló fi sí i, kí ó lè le gbagidi níbi tí ohùn wà yẹn. Kò tú okùn tín-ín-rín sílẹ̀ kí ó máa jó gbẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ lórí igi. Ìró tirẹ̀ ń dún bí ọkọ̀ ojú irin. Ti àwọn tó ń tú okùn sílẹ̀ yìí ń dún bí wáyà tí wọ́n ń sá aṣọ sí.

Èyí tó tún burú ju ìyẹn lọ rèé. Ẹni tó kọ̀ kí wọ́n tú ọrùn kúrò lára gìtá kí wọ́n tún un tò ṣì fẹ́ kí okùn wálẹ̀ súnmọ́ ojú ọrùn. Kí ló máa ń ṣe? Á há egungun tí okùn gùn lé. Tí egungun bá tán, á gbé ìfági sí bíríìjì fúnra rẹ̀, á fá a títí tí yóò fi fẹ́ẹ́rẹ́. Bíríìjì tí wọ́n gbẹ́ ní 1964 ti di eruku nílẹ̀ nìyẹn, kò sì sí ẹni tó lè kó eruku náà padà di igi. Ọ̀gá tó ní ká má fọwọ́ kan nǹkan kan ló ṣe èyí o! Ẹni tó tún ọrùn ṣe, bíríìjì rẹ̀ wà ní kíkún. Nínú àwọn méjèèjì, ta ló ba ohun àkọ́kọ́ jẹ́?

Ẹ jẹ́ ká wá wo iṣẹ́ tí wọ́n ń bẹ̀rù yìí bó ṣe rí. Ọrùn gìtá Martin, Gibson tàbí Stella kò hù láti ara gìtá. Ó ní ahọ́n kan tó fẹ̀ ní ìdí, tó wọ inú ihò tí wọ́n gbẹ́ sí ara, gúlúù ló sì dè é. Gúlúù wo? Ní ti àwọn ti àtijọ́, èyí tí wọ́n sè láti ara awọ ẹran ni. Martin ń lò ó títí di nǹkan bí àárín àwọn ọdún 1960. Gúlúù awọ ẹran yìí, bó ti wù kó le tó, iná àti omi ni ọ̀gá rẹ̀. Àwọn tó ń ṣe fayolíìnì ti mọ èyí láti ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún sẹ́yìn, ìdí tí wọ́n sì ṣe yàn án nìyẹn: kí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè tú u. Àní gúlúù funfun tí wọ́n wá fi rọ́pò rẹ̀ náà máa ń rọ̀ bí ooru bá mú un.

Nítorí náà, oníṣẹ́ á yọ irin fúrẹ́ẹ̀tì kan níbi tí ọrùn ti pàdé ara. Á lu ihò tín-ín-rín sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ títí tí yóò fi kan àlàfo tó wà lẹ́yìn ahọ́n. Á fi abẹ́rẹ́ oníhò kan rán ooru omi gbígbóná wọ ibẹ̀. Ìṣẹ́jú mélòó kan, gúlúù á bẹ̀rẹ̀ sí í juwọ́ sílẹ̀, ọrùn á sì yọ wá sí i lọ́wọ́, odindi, láìsí ọgbẹ́. Á jẹ́ kó gbẹ dáadáa. Á wá fá gìgísẹ̀ ọrùn náà díẹ̀, nígbà mìíràn kò ju mìlímítà kan lọ, kí ọrùn lè padà sẹ́yìn dé ibi tó wà lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Á dá a padà sínú ihò, á lẹ̀ ẹ́, á tẹ irin fúrẹ́ẹ̀tì náà bo ojú ihò tó lu. Bí ọ̀pá ìtì kan bá ti ṣí nínú, á lẹ̀ ẹ́ padà. Bí àyà bá ti là, á fi ìdè pákó kéékèèké dè é láti inú. Fáníìsì ńkọ́? Ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn án. Nọ́ńbà tí òṣìṣẹ́ fi pẹ́ńsù kọ ńkọ́? Ó wà níbẹ̀. Ewé kan ò já nínú ìwé ìtàn yín. Ṣé nítorí mìlímítà kan ní gìgísẹ̀, níbi tí ojú ò tó, la ṣe ní kí gìtá odindi máa kú lọ?

 

Ọ̀rọ̀ ohùn. Wọ́n ní á sá lọ. Ohùn wo? Ohùn gìtá olókùn méjìlá wá láti ara bí okùn ṣe ń ti bíríìjì, tí bíríìjì ń ti àyà. Tí wọ́n bá ti há egungun tán, okùn ò ní igun tó máa fi tẹ bíríìjì mọ́. Á kàn gùn ún lẹ́yìn fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́. Gìtá tó wà bẹ́ẹ̀ ti yadi tipẹ́, ẹni tó ni ín ló ń gbọ́ ohun tó ń dún ní ìrántí ara rẹ̀. Igi tó ti gbẹ fún ọgọ́ta ọdún kò kúrò níbì kan. Ẹ dá ọrùn padà sípò, kí okùn tún tẹ̀ ẹ́ bó ṣe yẹ, nígbà náà lẹ ó tó gbọ́ ohun tí ọgọ́ta ọdún ṣe sí igi.

Ẹ lọ wo akọrin Willie Nelson. Gìtá Martin N-20 rẹ̀ tó ń pè ní Trigger, ó ti ń lù ú láti 1969, ó ti lù ú títí tí àyà rẹ̀ fi lu ihò kejì. Olókùn mẹ́fà ni, okùn ọ̀rá ni, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ kan náà ni. Kí ló ṣe? Ṣé ó gbé e kọ́ ògiri? Ó ń gbé e lọ fún Mark Erlewine ní Austin, ẹni tó ń wo inú rẹ̀, tó ń lẹ ọ̀pá ìtì rẹ̀ padà, tó ń fi fáníìsì gbé àyà rẹ̀ ró. Wọ́n ti ṣe é lẹ́ẹ̀kan, wọ́n ti ṣe é lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n ti ṣe é títí èèyàn ò fi kà á mọ́. Ta ló gbójú gbóyà sọ pé Trigger kì í ṣe Trigger mọ́?

Kí la tilẹ̀ ń wá lọ jìnnà fún? Awọ gángan bàbá àgbà onílù kan bá ya lónìí, ṣé á gbé ìlù náà kọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn, á ní ohun àtijọ́ ni, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án? Awọ ewúrẹ́ tuntun ló máa bò ó, á fa ọṣán rẹ̀ le, á gbé e kọ́ èjìká kó tó di ọjọ́ ìnáwó tó kàn. Awọ ti lè pààrọ̀ lẹ́ẹ̀mẹwàá látìgbà bàbá àgbà. Bí ẹ bá bi í pé ìlù ta ni, á dá yín lóhùn pé ìlù bàbá bàbá mi ni, kò sì purọ́. Kò sẹ́ni tó kọ́ wa pé ìlù tí kò dún ló níyì jù. Ibo la ti wá kó irú ẹ̀kọ́ yìí tó bá kan gìtá?

Bó bá sì jẹ́ ti ìwé ìtàn ni wọ́n fẹ́ máa fà, kí wọ́n lọ bi àwọn fayolíìnì tí oníṣẹ́ ọwọ́ Stradivari gbẹ́. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn lọ ni wọ́n ti pààrọ̀ tàbí ti tún ọrùn rẹ̀ ṣe, tí wọ́n ti fi ọ̀pá ìtì tó lágbára jù sí nínú ikùn rẹ̀, pàápàá ní àwọn ọdún 1800, nítorí orin ayé tuntun ń béèrè ohùn tó rinlẹ̀ jù. Èyí tí wọ́n ń pè ní Messiah, tó jẹ́ ti 1716, tó wà nínú àpótí gíláàsì ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Ashmolean ní Oxford, tí gbogbo ayé ń fi ṣe àpẹẹrẹ ohun tí ọwọ́ kò kàn, oníṣẹ́ fayolíìnì Vuillaume ti ṣiṣẹ́ sí ọrùn rẹ̀ àti inú rẹ̀ ní Paris kó tó débẹ̀. Bí wọ́n bá pa òfin "má fọwọ́ kàn án" mọ́ láti ìgbà yẹn, fayolíìnì Stradivari mélòó la bá gbọ́ ohùn rẹ̀ lórí pèpéle lónìí? Àwọn tó ni igi tó wọ́n jù láyé ń tún un ṣe, wọ́n ń lù ú. Ẹni tó ni Stella tí wọ́n fi birch ṣe, tí wọ́n fi ọ̀dà yà, ló wá ń bẹ̀rù.

Ó ku owó. Èmi ò mọ ìgbà tí ẹni tó ní Harmony kan ṣoṣo di oníṣòwò gbàǹjo, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká bá wọn dé ọjà náà. Gìtá Framus Hootenanny, olókùn méjìlá tí wọ́n ṣe ní Jámánì, tí John Lennon lò nígbà tí àwọn Beatles ń gba orin "Help!" sílẹ̀ ní 1965, ó sọnù fún bí àádọ́ta ọdún kí wọ́n tó rí i lókè àjà ilé kan ní Britain. Kí wọ́n tó gbé e lọ sí gbàǹjo Julien's, wọ́n fà á lé oníṣẹ́ lọ́wọ́, ó tún un ṣe kó lè ṣeé lù. Ní May 2024, ní New York, wọ́n tà á ní ohun tó lé ní mílíọ̀nù 2.8 dọ́là. Ẹ tún wo Martin D-18E ọdún 1959 tí akọrin Kurt Cobain lù lórí ètò MTV Unplugged ní 1993. Wọ́n ti yí i padà fún ọlọ́wọ́ òsì, wọ́n ti fi ẹ̀rọ agbóhùn mìíràn sí i. Ó tà lé ní mílíọ̀nù mẹ́fà dọ́là ní June 2020. Ẹ máa wí fún mi pé orúkọ Lennon àti ti Cobain ni wọ́n rà. Bẹ́ẹ̀ ni! Àwọn méjèèjì lu gìtá wọn, ìyẹn ló sọ ọ́ di ohun tí a ń rà. Kò sí ẹnì kankan tó san mílíọ̀nù kan fún gìtá nítorí pé olówó rẹ̀ kò lù ú rí. Ní ti gìtá tiwa-n-tiwa, ẹ wo bí àwọn oníṣòwò ṣe ń polówó: bí wọ́n bá ti tún ọrùn rẹ̀ ṣe dáadáa, wọ́n máa ń kọ ọ́ gàdàgbà síwájú, torí ẹni tó fẹ́ rà mọ̀ pé òun ò ní náwó náà mọ́. Fáníìsì tí wọ́n há ló ń dín owó kù. Èmi ò sì ní kí ẹnikẹ́ni há fáníìsì.

Àwọn oníṣẹ́ búburú wá ńkọ́? Wọ́n wà, wọ́n sì pọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọ̀nà tí síkúrù yẹn gbà dé ọrùn gìtá. Ẹnìkan sọ fún olówó rẹ̀ pé kó má gbé e lọ fún oníṣẹ́. Ó gbọ́ràn. Ọdún gorí ọdún, ọrùn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí, ó fojú fò ó. Lọ́jọ́ tó fẹ́ ṣí tán pátá, ó pe àbúrò ìyàwó rẹ̀ tó ní ẹ̀rọ ìlugi, ìyẹn sì fi síkúrù kàn án. Iṣẹ́ wákàtí mélòó kan ló ti di iṣẹ́ oṣù kan. Ẹ̀kọ́ "má fọwọ́ kàn án" kò dá oníṣẹ́ búburú dúró rí. Oníṣẹ́ rere tí ì bá ti tètè dé ló dá dúró.

Nítorí náà, kí ẹni tó bá ní ọ̀kan lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì gbé e jáde. Kó wá ẹni tó mọ ooru omi, tó mọ gúlúù awọ ẹran, kó fà á lé e lọ́wọ́. Kí wọ́n tú ọrùn rẹ̀, kí wọ́n lẹ ohun tó ṣí, kí wọ́n dè é níbi tó là, kí wọ́n fi fáníìsì rẹ̀ sílẹ̀. Kí wọ́n wọ okùn méjèèjìlá sí i, kí wọ́n mú un le dé ibi tó yẹ. Okùn tín-ín-rín orí ìlà kẹta á já lójú yín, torí òun ló máa ń já jù. Ẹ so òmíràn, kí ẹ máa lù ú lọ.